Ẹ̀jẹ́ Mélòó Ni Òǹkọ̀wé Lè Jẹ́ Lẹ́ẹ̀kan Náà?

Ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà ní Lánlátẹ̀, tó sì tún ní ẹ̀bùn ìwé kíkọ, kò ní í pẹ́ tí ìbéèrè kan yóò fi dé bá a. Pírójẹ́ẹ̀tì tí yóò fi gba ìwé ẹ̀rí NCE wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹgbẹ́ kan lè kéde ìdíje eré onítàn, kí gbèdéke rẹ̀ sì ku oṣù méjì péré. Àwọn akéwì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún lè pinnu pé kí olúkúlùkù máa kọ ewì kan lójúmọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́. Ṣé kí ó tẹ́wọ́ gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni, àbí kí ó mú ọ̀kan kí ó fi ìyókù sílẹ̀? Bí ó bá bi àwọn àgbà léèrè, òwe ni wọn yóò fi dá a lóhùn, òwe wọn kò sì ní í bára mu. Ẹnìkan á ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹlòmíràn á ní ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo. Òótọ́ ni òwe méjèèjì, ìdí nìyẹn tí kò fi sí èyí tó lè yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí mo rí ni pé ojú agbára àti àsìkò ni a fi máa ń wo ìbéèrè yìí: wákàtí mélòó ló wà lóòjọ́, ta lara rẹ̀ le, ta ni ọwọ́ rẹ̀ yá. Ìyẹn náà ní àyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ìpìlẹ̀. Ẹni tó bá ní òun yóò kọ nǹkan ti sọ ọ̀rọ̀ kan tó dè é, ibi ọ̀rọ̀ tó sọ yẹn ló sì yẹ kí á ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ìlú Ìbàràpá méjèèje, láti Ìgbò-Ọrà dé Erúwà dé Lánlátẹ̀, Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì àti oníṣẹ̀ṣe jọ ń gbé inú agbolé kan náà ni, ohun tí wọn kò sì fohùn ṣọ̀kan lé lórí pọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ́ kò sí nínú rẹ̀. Ìwé Oníwàásù inú Bíbélì kìlọ̀ pé kí èèyàn má tilẹ̀ jẹ́jẹ̀ẹ́ sàn ju kí ó jẹ́ ẹ kí ó má sì san án. Kùránì jẹ́ kó di mímọ̀ pé a ó bi ọmọ aráyé léèrè nípa àdéhùn tó ṣe. Ẹni tó bẹ Ọ̀ṣun lọ́mọ, tó sì ṣèlérí ohun tí yóò mú wá, mọ̀ pé ọjọ́ tí ọmọ bá dé ni ọjọ́ ìlérí pé. Kò sí ọ̀kan nínú ẹ̀sìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ka iye ẹ̀jẹ́ fún èèyàn, tó ní kó má ju ọ̀kan lọ. Bóyá ẹni tó la ẹnu rẹ̀ mọ ohun tó ń sọ ni wọ́n ń wò. Wọ́n lè wí fún mi pé ìdíje ewì kì í ṣe pẹpẹ, pé kò sí òrìṣà tí yóò bínú nítorí eré onítàn tí a kò kọ parí. Mo gbà. Àmọ́ ìwà tí èèyàn fi ń ṣe ìlérí kékeré náà ni yóò fi ṣe ńlá. Ẹni tó ti mọ́ lára láti sọ pé òun yóò kọ, kó má kọ, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́ létí òun fúnra rẹ̀, òǹkọ̀wé kò sì ní irinṣẹ́ mìíràn yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀.

Ilé kéwú ní ẹ̀rí kan tó kan ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Orí wàláà ni ọmọ kéwú ti ń kọ ẹ̀kọ́ rẹ̀, pátákó náà kò sì gbà ju ìwọ̀nba. Ọmọ yóò kà á, yóò tún un kà, títí yóò fi já geere lẹ́nu rẹ̀ níwájú àfáà. Ìgbà náà ni wọn yóò tó fi omi fọ wàláà, tí ẹ̀kọ́ mìíràn yóò sì gorí rẹ̀. Súrà 114 ló wà nínú Kùránì, ọ̀nà yìí sì ni àìmọye ọmọ Yorùbá ti gbà há gbogbo rẹ̀ sórí. Ti Ifá náà kò yàtọ̀. Odù 256 ni, 16 nínú wọn jẹ́ Ojú Odù. Èjì Ogbè ni ọmọ awo fi ń bẹ̀rẹ̀, ó sì lè lo ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó kà á sí ẹni tó mọ nǹkan. Ó rọrùn láti sọ pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ni àwọn méjèèjì ní kí á máa mú iṣẹ́. Kí á tún un wò. Ọmọ awo tó ń kọ́ Odù náà ló ń ro oko ọ̀gá rẹ̀, òun ló ń já ewé, òun ló ń tẹ̀ lé ọ̀gá rẹ̀ lọ síbi ẹbọ, ibẹ̀ ló sì ti ń rí ohun tí ẹsẹ tó há sórí ń sọ. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ pọ̀, kò sì sí ẹni tó bá a wí nítorí rẹ̀. Ohun tí àfáà àti olúwo kò ní í gbà fún un ni pé kó sá fún ẹ̀kọ́ tó le lọ síbi ẹ̀kọ́ tuntun. Wọn kì í fọ wàláà nítorí pé ohun tó wà lórí rẹ̀ le. Níbẹ̀ ni mo rò pé gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà: iṣẹ́ kejì tó hù láti ara ti àkọ́kọ́ kò léèwọ̀, èyí tó jẹ́ ibi ìsádi fún ẹni tí iṣẹ́ àkọ́kọ́ ń lé, òun ni ó yẹ kí òǹkọ̀wé bẹ̀rù.

Àgbẹ̀ Ìbàràpá mọ èyí dáadáa, bí kò tilẹ̀ fi ẹnu sọ ọ́. Kì í gbin nǹkan kan ṣoṣo sóko. Ẹ̀gúsí ni yóò tàn sílẹ̀ láàárín ẹ̀gẹ́, tí ewé rẹ̀ yóò bo ilẹ̀, tí kò ní í jẹ́ kí koríko ráyè. Nǹkan bí oṣù mẹ́rin, ó ti gbó, wọ́n ti kó o kúrò, ẹ̀gẹ́ tí yóò pẹ́ tó ọdún kan kò sì tíì fẹ ẹ̀ka tó lè dí i lójú oòrùn. Kì í ṣe nítorí pé àgbẹ̀ lágbára ló fi gbin méjì. Ó gbin méjì nítorí pé wọn kì í béèrè ohun kan náà lọ́wọ́ ilẹ̀ lásìkò kan náà, ọ̀kan sì ń ṣe èkejì lóore. Bí ó bá jẹ́ ohun méjì tó jọ ga, tó jọ ń fẹ́ oòrùn, tí wọn yóò jọ gbó lọ́sẹ̀ kan náà ni, á ya ilẹ̀ wọn sọ́tọ̀.

Àjàyí Crowther ni ẹ̀rí tó lágbára jù tí a ní nílẹ̀ Yorùbá. Òṣoògùn, tí kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ilẹ̀ Ìbàràpá, ni wọ́n ti kó o lẹ́rú ní 1821; ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lórí omi ní ọdún kejì, wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown. Ní 1843 tí wọ́n fi í joyè àlùfáà ní London, ìwé rẹ̀ tó kó ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá jọ jáde. Ó dé Abẹ́òkúta ní 1846. Ní 1850, Ìwé Róòmù tó túmọ̀ jáde. Ní 1852, gírámà àti àkójọ ọ̀rọ̀ tó gbòòrò ju ti àkọ́kọ́ lọ tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá to ọdún wọ̀nyí tira wọn yóò ní eku méjì mẹ́ta ni ọkùnrin náà ń lé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí bí atúmọ̀ ṣe lè gbé lẹ́tà Pọ́ọ̀lù wọ inú èdè wa láìjẹ́ pé ó mọ ohun tí àwọn àgbà ń pè ní ẹ̀ṣẹ̀, ní ẹbọ, ní òfin, ní àlàáfíà. Ó ní láti jókòó ti àwọn tó gbọ́ èdè dénú, kó kọ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sílẹ̀, kó wo bí gbólóhùn wọn ṣe ń tò. Ọ̀rọ̀ tó bá wá nítorí ìtumọ̀ ni yóò wọ inú àkójọ. Ètò tó bá rí nínú gbólóhùn ni yóò di gírámà. Gírámà náà ni yóò padà wá tún ìtumọ̀ ṣe. Iṣẹ́ kan ni, orúkọ mẹ́ta ló jẹ́.

Ìgbésí ayé ọkùnrin yìí kan náà tún fi apá kejì hàn wá. Láti 1857, odò Ọya gbà á lọ́wọ́ ilé. Ìwé ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ kíkà ní èdè Ìgbò jáde lọ́dún yẹn. Gírámà Núpé jáde ní 1864, ọdún tí wọ́n fi í ṣe bíṣọ́ọ̀bù. Iṣẹ́ ńlá ni, ẹni tó bá fojú kéré rẹ̀ kò mọ ohun tó ń sọ. Síbẹ̀, ohun tó kọ lórí Ìgbò àti Núpé kò jinlẹ̀ tó ohun tó kọ lórí Yorùbá, ìdí rẹ̀ kò sì farasin: èdè tí ìyá rẹ̀ fi pè é ni gbòǹgbò iṣẹ́ rẹ̀, bí iṣẹ́ bá sì ṣe jìnnà sí gbòǹgbò náà tó ni oje rẹ̀ ṣe ń dín kù. Odindi Bíbélì Yorùbá kò sì parí títí di nǹkan bí 1884, ó ku ọdún méje kí ó kú. Bí ó tilẹ̀ parí, kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló parí rẹ̀. Thomas King, tó jẹ́ ọmọ Yorùbá bíi tirẹ̀, bá a túmọ̀. Àwọn mìíràn gba apá tiwọn. Ní 1875, wọ́n ní láti pé jọ ní Èkó kí wọ́n tó fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè náà sílẹ̀. Mi ò sọ pé Crowther ṣe àṣìṣe tó fi lọ sí odò Ọya. Ìpè ni ó gbà á sí. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹ̀jẹ́ kejì ní iye tó ń náni, kódà lọ́wọ́ akínkanjú, àti pé ohun tí kò jẹ́ kí ẹ̀jẹ́ àkọ́kọ́ ṣègbé ni pé ó jẹ́ kí àwọn ẹlòmíràn bá òun gbé e. Òǹkọ̀wé tó fẹ́ gbé ẹrù méjì tí kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ọ̀kan nínú wọn kò rí àpẹẹrẹ rẹ̀ lọ́dọ̀ Crowther.

Samuel Johnson ní ìwé kan ṣoṣo ní tirẹ̀, ó sì lo nǹkan bí ogún ọdún lórí ìtàn àwọn Yorùbá kó tó parí rẹ̀ ní 1897. Ẹ má ṣe rò pé ó jókòó ti ìwé náà láìṣe nǹkan mìíràn. Olùṣọ́-àgùntàn ìjọ ni ní Ọ̀yọ́, ó sì wà lára àwọn tó ń gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà lọ, tó ń gbé e bọ̀, nígbà ogun Kírìjì títí wọ́n fi tọwọ́ bọ̀wé ní 1886. Ìrìn àjò wọ̀nyẹn ló fún un láǹfààní àtibá àwọn olórí ogun àti arọ́kin sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe kò gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń bọ́ ọ ni. Wọ́n sọ ìwé àfọwọ́kọ náà nù ní ìlú Òyìnbó, Johnson kú ní 1901, àbúrò rẹ̀, Obadiah, ló sì fi àwọn àkọsílẹ̀ tó kù tún un kọ kó tó jáde ní 1921. Akínwùmí Ìṣọ̀lá náà, ẹ̀kọ́ èdè Faransé ló ń kọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn nígbà tó kọ Ẹfúnṣetán Aníwúrà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, eré tó jáde ní 1970. Ẹni tó ń ka eré àwọn Faransé ní kíláàsì, tó sì ń kọ eré Yorùbá lálẹ́, ojú kan náà ló ń lò.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ibi ìsádi ju wákàtí lọ ni pé wákàtí ṣeé kà. Ìpèníjà kan bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1999, tí àwọn òǹkọ̀wé kárí ayé dara pọ̀ mọ́, pé kí èèyàn kọ ọ̀rọ̀ 50,000 láàárín oṣù kan. Ìyẹn jẹ́ bí 1,667 lójúmọ́. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìpèníjà mìíràn lé e lè ṣírò rẹ̀ kó sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ bóyá ó ṣe é ṣe. Ṣùgbọ́n kò sí ìṣírò tó lè fi ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú ewé kẹrìnlélógójì hàn wá, níbi tí ìtàn ti dí, tí ẹ̀dá-ìtàn kò fẹ́ sọ̀rọ̀ mọ́, tí òǹkọ̀wé sì ti ń fura pé ohun tí òun mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà kò tó. Ibẹ̀ gan-an ni ìwé ti ń di ìwé. Bí iṣẹ́ kejì bá wà nílẹ̀ nígbà náà, ó ní ojú tó dùn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, kò tíì le. Òǹkọ̀wé yóò yà síbẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè pè é ní ọ̀lẹ, nítorí ó ń ṣiṣẹ́. Òun náà kò ní í pe ara rẹ̀ ní ọ̀lẹ. Ẹni tó sùn mọ̀ pé òun sùn. Ẹni tó sá lọ sínú iṣẹ́ mìíràn rò pé òun ń tẹ̀ síwájú ni. Nítorí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ wa bá fi pírójẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣe ìwádìí lórí ìtàn ìlú rẹ̀, tó wá fi ohun tó gbọ́ lẹ́nu àwọn baálé kọ eré onítàn fún ìdíje, mo ní kó tẹ́wọ́ gba méjèèjì láìbẹ̀rù. Ewì ojoojúmọ́ ló yẹ kó yẹ̀ wò. Bí ewì náà bá ń tú ahọ́n rẹ̀ sílẹ̀ fún eré tó ń kọ, kó kọ ọ́. Bó bá jẹ́ pé ó ń ti ibẹ̀ gba ìyìn àárọ̀ kí ó má bàa wo ojú eré tó dí, kó fi í sílẹ̀.

Àtakò àkọ́kọ́ tó wúwo ni pé ẹ̀mí kò gùn, àǹfààní kì í sì í dúró. Ẹ̀bùn NLNG tó bẹ̀rẹ̀ ní 2004 ń yí láàárín ìtàn àròsọ, ewì, eré onítàn àti ìwé àwọn ọmọdé. Ẹni tí ọdún tirẹ̀ bá kọjá á dúró títí yóò tún fi yí kàn án lọ́dún kẹrin. D.O. Fágúnwà kú sínú odò ní 1963, ọmọ ọgọ́ta ọdún, nígbà tí ọ̀pọ̀ rò pé ó ṣì kù sí i nínú. Ta ló wá lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí òǹkọ̀wé máa rọra? N kò fojú kéré àtakò yìí, ó sì máa ń dùn mí láti ronú nípa ìwé tí a kò rí gbà lọ́wọ́ Fágúnwà. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe lo ohun tó rí lò. Ìdíje tí ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ gbé kalẹ̀ ní 1936 ló mú Ògbójú Ọdẹ jáde ní 1938. Ìwé kan fún ìpè kan. Ìwé méjì ló jáde lórúkọ rẹ̀ ní 1949, Igbó Olódùmarè àti Ìrèké Oníbùdó. Èyí àkọ́kọ́ nínú wọn sì jẹ́ ìtàn bàbá akọni inú Ògbójú Ọdẹ. Igbó kan náà ló padà wọ̀, ojú ọ̀nà kan náà ló tún là gbòòrò. Bí ẹ̀mí ṣe kúrú sí i ni ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ parí nǹkan ṣe ń lágbára sí i, torí ìwé mẹ́wàá tí a bẹ̀rẹ̀ kò lè dáhùn nígbà tí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ wọn kò sí mọ́.

Àtakò kejì, ẹni tí ebi ń pa ló sábà máa ń sọ ọ́, mo sì fi ọ̀wọ̀ gbà á. Òǹkọ̀wé tó ń fi ìwé kíkọ jẹun kò lè yan iṣẹ́ bí ẹni yan aṣọ. Iṣẹ́ rédíò dé, ó gbà á; wọ́n ní kó kọ ìtàn ìgbésí ayé olóyè kan, ó gbà á; ìdíje dé, ó bọ́ sí i. Kò sí ibi ìsádi kankan nínú ìyẹn, àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ jẹun. Ìdáhùn mi ni pé kí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ nínú ọkàn rẹ̀. Iṣẹ́ tó ń gba owó lé lórí jẹ́ àdéhùn láàárín òun àti ẹni tó gbé e fún un, ó sì ní òpin tó hàn. Ìwé tirẹ̀ ni ẹ̀jẹ́. Ó lè ṣe àdéhùn púpọ̀, bí ó bá lè mú wọn ṣẹ. Ẹ̀jẹ́ náà ni kó má ṣe sọ di púpọ̀. Ewu tó wà níbẹ̀ ni kí ó máa fi ìyà tó ń jẹ ẹ́ ṣe àwáwí fún ìwé tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà á, òun nìkan ló sì mọ ọjọ́ tí ìyà dúró àti ọjọ́ tí àwáwí bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n tún lè ní kí n wo Wọlé Ṣóyínká. Láàárín 1970 sí 1973, eré, ìwé ewì, ìwé ìrántí àti ìtàn àròsọ jáde láti ọwọ́ ọkùnrin kan ṣoṣo: Madmen and Specialists, A Shuttle in the Crypt, The Man Died, Season of Anomy. Ẹ̀bùn rẹ̀ ga lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀bùn nìkan kò tó láti ṣàlàyé ọdún wọ̀nyẹn. Ìjọba ti í mọ́lé láti 1967 sí 1969 nígbà ogun abẹ́lé, ọgbẹ́ kan náà ló sì ń ṣàn nínú ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó rí ohun kan, ó wò ó láti igun mẹ́rin. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ lé e nínú pípọ̀ iṣẹ́ kó kọ́kọ́ wá ohun kan tó tó bẹ́ẹ̀ láti wò.

Ohun tí ó kù ni ti ẹni tó ti la ẹnu rẹ̀ jù, tó ti gba mẹ́ta nígbà tí ọ̀kan tó fún un. Ṣé kí ó kú sábẹ́ ẹrù ni? Ẹ̀sìn tó ní kí á san ẹ̀jẹ́ kò fi ẹni tó kùnà sílẹ̀ láìní ọ̀nà. Mùsùlùmí tó bá búra tí kò lè mú un ṣẹ mọ ohun tí Kùránì ní kó ṣe: kí ó bọ́ tálákà mẹ́wàá, tàbí kí ó fi aṣọ bò wọ́n, bí kò bá sì lágbára rẹ̀, kí ó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ohun tó wú mi lórí nínú òfin yìí ni pé kò gbà kí ìlérí kú láìsí ẹni tó gbọ́. Ohun kan gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ ẹni tó yẹ̀ ẹ́, ojú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ pàdé ojú ẹlòmíràn. Báyìí ni mo ṣe rò pé ó yẹ kí òǹkọ̀wé ju iṣẹ́ sílẹ̀. Kó kọ̀wé sí àwọn tó ń dúró dè é kí gbèdéke tó pé, kó sọ fún wọn pé òun kò ní í lè ṣe é, kí àyè rẹ̀ lè di ti ẹlòmíràn. Bó bá jẹ́ ara rẹ̀ nìkan ló ṣèlérí fún, kó sọ fún ẹnìkan tó bọ̀wọ̀ fún. Lẹ́yìn náà, kó padà sídìí ìwé tó kù, láti ojú ewé tó ti dí gan-an.